Yẹ̀pẹ̀ Abẹ́ Páìnì

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń jowú nítorí ọkọ. Èmi jowú nítorí igba igi kéékèèké tí a gbìn sínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìgàndó, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ tèmi, tí ìdajì kejì sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó yẹ kí n sọ ọ́ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí nígbà yẹn. Tí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó kí Ọlọ́run, ìlara ni mo máa ń kọ́kọ́ kí.

Pọ́bẹ̀ ni ìlú mi, ní òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ Faransé níléèwé, tí àwọn ìyá wọn sì ń fi Yorùbá bá wọn wí nílé. Nítorí náà mo rò pé Èkó kò ní sọ mí di àlejò. Ṣebí èdè kan náà la jọ ń sọ. Ọjọ́ tí mo dé Ìkòtún, mo bi obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé níbo ni mo ti lè rí sémì tó máa gbé mi dé Ìgàndó. Ó wo ojú mi, ó wo ẹnu mi.

“Kí ló ń jẹ́ sémì?”

Mo nawọ́ sí alùpùpù kan tó ń kọjá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú.

“Ọ̀kadà lò ń wá. Ará Kọ̀tọnù ni ẹ́, àbí?”

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kọ̀tọnù rí láyé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo sì ti di ará Kọ̀tọnù lẹ́nu gbogbo èèyàn. Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti fi bú mi, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n rí ohun tí mo lè bá wọn jà sí. Wọ́n á pè mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì padà sínú ọ̀rọ̀ wọn tó ń yára bí omi òjò, tí gẹ̀ẹ́sì ń bọ́ sínú rẹ̀ níbi tí n kò retí. Tí mo bá fi máa lóye àwàdà kan, wọ́n ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán.

Àlhájà ló gbà mí síṣẹ́. Ìdílé wọn wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ ní Ìgàndó láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ṣe ọgbà tí a ti ń ta òdòdó, igi eléso, àti koríko tí wọ́n ń tẹ́ síwájú ilé. Inú yàrá kan tí àwa obìnrin mẹ́ta jọ háyà ni mò ń sùn. Ráli, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, wà ní Pọ́bẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀, mo sì sọ fún ìyá mi pé oṣù mẹ́fà péré ni. Oṣù mẹ́fà náà di ọdún mẹ́ta. Àlhájà kì í pe orúkọ mi, Ìyá Ráli ni wọ́n ń pè mí láàárọ̀ àti lálẹ́.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù ni yíyan yẹ̀pẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi. A ó da yẹ̀pẹ̀ sínú àgbá tí wọ́n là sí méjì, a ó dáná sábẹ́ rẹ̀, a ó sì máa rò ó títí ooru yóò fi pa gbogbo kòkòrò àti gbogbo èso èpò tó wà nínú rẹ̀. Tó bá tutù tán ni a tó gbin tòmátì tàbí ata sí i. Kí n tó dé, ìdajì tòmátì Àlhájà ló máa ń kú kó tó ga tó ìka ọwọ́. Nígbà tí mo yan yẹ̀pẹ̀ tèmi, ẹyọ kan kò kú. Àlhájà pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. “Ẹ wá wo iṣẹ́ ará Kọ̀tọnù mi,” ni wọ́n ń wí. Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ yẹn kí n kàn lè sọ fún wọn pé Àlhájà yìn mí, ìyá mi sì ṣàdúrà fún mi títí káàdì fi tán.

Wàsíù ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Ìkòtún ni wọ́n bí i sí, mo sì fi bí ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Kò sí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ tó máa kọjá tí kò ní pe orúkọ rẹ̀. Kì í yára, kì í làágùn, súfèé ni ó máa ń sú, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń parí. Lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ a gbé oúnjẹ wá fún un nínú kúlà, a sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n. Mo máa ń yíjú sápá ibòmíràn. Kì í ṣe oúnjẹ náà ni mò ń fẹ́. Bí ìyá náà ṣe ń bi í pé “Ṣé iyọ̀ tó?” ló máa ń dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ní ọdún kejì ni nǹkan yí padà. Ìyá mi ní, “Ráli, wá kí ìyá ẹ.” Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn wọn.

“Màámi, ẹ̀yin mà rèé.”

“Ìyá ẹ tó wà lórí fóònù ni mò ń wí.”

Ó wá sún mọ́ fóònù. “Ẹ káàsán, Àǹtí Èkó.”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọdé ni, kí n má dá a lóhùn. Mo ní káàdì mi ti fẹ́ tán, mo sì pa fóònù. Káàdì mi kò tán. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jowú ìyá tó bí mi, obìnrin tó ń bá mi wẹ ọmọ, tó ń bá mi dirun fún un, tó ń jí tọ́jú rẹ̀ tí ibà bá mú un. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo gbìyànjú láti dá ara mi lẹ́kun, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí Ráli tún pè mí ní Àǹtí, mo tún purọ́ pé káàdì mi ti fẹ́ tán.

Páìnì ni igi gíga tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Àwọn kan tó ń kọ́lé lápá Ayọ̀bọ̀ wá bá Àlhájà pé àwọn yóò fẹ́ igba rẹ̀, tí àwọn máa gbìn yí ọgbà wọn ká. Àlhájà ra irúgbìn, wọ́n pín in fún èmi àti Wàsíù lọ́gbọọgba.

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa o,” ni wọ́n wí. “Mo ti gba àyè kan lápá Command ní Ìpájà, màá ṣí ọgbà kejì síbẹ̀. Ẹni tí páìnì ẹ̀ bá dáa jù ló máa ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀, ó ní kíṣìnnì tiẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn kò kúrò létí mi. Yàrá tèmi nìkan túmọ̀ sí pé Ráli lè wá. Mo ti rò ó já: èmi fúnra mi ni yóò lọ mú un, ìyá mi yóò dúró sí Pọ́bẹ̀. Mo fẹ́ kí Ráli jìnnà sí wọn. Mo fẹ́ kó sunkún wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, méjì, kó rẹ̀ ẹ́, kó wá yíjú sí mi. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, nítorí tí mo bá sọ ọ́ síta ó máa burú létí èmi pàápàá. Mo kàn sọ fún ìyá mi pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀gá.

Mo yan yẹ̀pẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọ̀rá mi bí mo ṣe máa ń ṣe, ó sì mọ́ tónítóní. Ọjọ́ tí a ń di yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, mo rí Wàsíù tó ń bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan láti inú àpò kan sínú ọ̀rá tirẹ̀.

“Kí ló wà nínú àpò yẹn?”

“Yẹ̀pẹ̀ ni, Àǹtí. Yẹ̀pẹ̀ abẹ́ páìnì. Ẹ rí iléèwé kan ní Ìpájà tí bàbá mi ti ṣe gáádínà, páìnì tó ti gbó wà níbẹ̀. Bàbá mi ò jẹ́ gbin páìnì láì bu yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sí i. Ẹ bù nínú ẹ̀ jàre, ó pọ̀.”

Mo yọjú wo inú àpò náà. Ewé jíjẹrà ló kún inú rẹ̀, nǹkan funfun kan sì ta bo ewé náà bí ẹ̀bu ara búrẹ́dì tó ti bàjẹ́. Ó ń rùn bí olú.

“Èmi kì í gbin nǹkan sínú ìdọ̀tí,” ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú ṣá, ó sì ń súfèé lọ.

Irúgbìn àwa méjèèjì ló hù. Fún bí oṣù kan, èmi ni mo tilẹ̀ ń lé iwájú, nítorí èpò kankan kò sí nínú ọ̀rá mi. Lẹ́yìn náà ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú mininjọ, tèmi sì ń pọ́n bí ewé tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Mo bu omi kún un. Mo dín omi kù. Mo fi ajílẹ̀ sí i. Mo gbé ọ̀rá mi kúrò nínú òòrùn, mo tún gbé e padà. Tí Wàsíù bá lọ jẹun, màá lọ dúró síwájú igi rẹ̀, màá fi ọwọ́ wọn gíga wọn. Lọ́jọ́ kan, mo di ewé ọ̀kan mú bíi pé mo fẹ́ fà á tu. Mo jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rù ara mi bà mí, mo lọ fọ ọwọ́ mi nídìí ẹ̀rọ omi.

Ohun tí mo kọ̀ lójúkojú ni mo padà lọ jí. Wàsíù lọ kírun Jímọ̀, Àlhájà wà nílé, mo sì lọ sídìí tábìlì tó ń gbé àpò náà sí. Mo kó bí ìdajì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé bí agbára kan bá wà nínú yẹ̀pẹ̀ náà, kò lè jẹ́ ẹ̀bu yẹn ni agbára. Màá yan án, iná yóò pa ìdọ̀tí inú rẹ̀, agbára rẹ̀ yóò kù. Inú mi tilẹ̀ ń dùn bí mo ṣe ń rò ó, nítorí mo gbà pé tèmi yóò dáa ju tirẹ̀ lọ, torí pé tèmi mọ́.

Àgbá náà ṣì ń rú èéfín nígbà tí Wàsíù dé, nínú jálàbíà funfun, ẹní ìkírun lábíyá. Ó dúró. Ó fa imú. Ó wo àpò rẹ̀ tó ti rọ̀ sílẹ̀, ó wo inú àgbá.

“Àǹtí, ẹ ti yan án bí ẹ̀pà.”

“Yan kí ni?” ni mo wí, mo sì ń bá a lọ ní ríròó.

Ó lọ bọ́ jálàbíà rẹ̀, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó ń bomi rin òdòdó. Ì bá tù mí lára ká ní ó bú mi. Mo pín yẹ̀pẹ̀ yíyan náà sínú ọ̀rá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, igi mi kò kúrò lójú kan, àwọn kan nínú wọn sì ń kú.

Bàbá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì máa ń wá ra igi ọsàn lọ́dọ̀ wa. Àlhájà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá àwọn wo páìnì náà kí àwọn tó yan ọ̀gá. Tíṣà tu ẹyọ kan nínú tèmi, ẹyọ kan nínú ti Wàsíù, wọ́n rọra ṣan gbòǹgbò wọn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tẹ́ méjèèjì sórí pátákó. Gbòǹgbò tèmi gùn, ó pupa, ó rí gbọọrọ. Ti Wàsíù pẹ̀ka wẹ́wẹ́, ṣóńṣó wọn wú díẹ̀, nǹkan funfun bí òwú sì bò wọ́n.

“Èyí ń dá wá oúnjẹ kiri,” ni Tíṣà wí, wọ́n nawọ́ sí tèmi. “Èyí, wọ́n ń bá a wá a.”

“Àwọn wo, sà?” ni Àlhájà bi wọ́n.

“Olú ni. Olú tí ẹ máa ń rí lókè ilẹ̀ lásìkò òjò, èso ẹ̀ lásán nìyẹn. Òwú yìí ni ara ẹ̀ gan-an. Ó tín-ín-rín, ó ń wọ ibi tí gbòǹgbò ò lè wọ̀, ó ń bá igi fa omi àti oúnjẹ inú ilẹ̀. Igi náà ń fi ewé ṣe ṣúgà, ó ń bù fún un. Ọ̀pọ̀ igi ló ní irú ẹ̀. Ọsàn tí mo wá rà yìí ní in, ojú lásán ni ò lè rí tiẹ̀.”

Wọ́n ní páìnì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá láti òkè òkun, irúgbìn nìkan ni wọ́n mú wá, ó ń hù, ó ń pọ́n, ó ń kú. Ìgbà tí wọ́n lọ bu yẹ̀pẹ̀ láti ibi tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀ ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí wa.

“Kí lẹ ṣe sí yẹ̀pẹ̀ tèyí?”

Wàsíù ló dáhùn.

“A yan án, sà. Ó máa ń gba tòmátì dáadáa, a wá rò pé ó máa gba páìnì náà.”

“Iná ti pa á nìyẹn.”

“A yan án,” ni ó wí. Ó fi ara rẹ̀ kún un, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo kórìíra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igi rẹ̀ dúdú, ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá, gbogbo Ìkòtún mọ̀ ọ́n, ó tún wá ní inú rere lé e. Kí ló kù tí èmi yóò fi jù ú lọ?

Tíṣà bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Pọ́bẹ̀. “Ìwọ náà dà bíi páìnì nìyẹn,” ni wọ́n wí, Àlhájà sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi rárá. Páìnì kò fi ọmọ sílẹ̀ sẹ́yìn. Tí mo bá sì ro ìtàn tí wọ́n sọ dáadáa, mo ń ṣe ìlara igi yẹn, nítorí ẹnì kan ronú rẹ̀ débi pé ó padà lọ bu yẹ̀pẹ̀ wá fún un.

Àlhájà fi Wàsíù ṣe ọ̀gá. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wàsíù dúpẹ́, ó wá ní, “Àlhájà, èmi ò ní lè sùn níbẹ̀ o. Màámi ò ní gbà. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí máa gbé yàrá yẹn, kí wọ́n máa bá wa ṣọ́ ọgbà.” Àlhájà ní ó dáa. Bí mo ṣe gba yàrá nìyẹn, láti ọwọ́ ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹ ṣé.

Ní Sátidé, mo ní kí Wàsíù mú mi lọ síbi páìnì bàbá rẹ̀ ní Ìpájà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, nítorí igi mi ṣì wà láyé, Tíṣà sì ti ní ó lè sàn. Abẹ́ àwọn igi náà tutù. Wàsíù fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òwú funfun náà sì wà níbẹ̀, ó ta lọ káàkiri láti ìdí igi kan sí òmíràn. Mo kúnlẹ̀, mo sì ń bù ú sínú àpò.

“Àǹtí, ẹ má yan èyí o.”

Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde. A jọ gbé àpò náà dé ìdí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí oṣù méjì kọjá lẹ́yìn tí mo bù ú sínú ọ̀rá mi, tèmi tó kù ti ń dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bá tirẹ̀ ní gíga. Mò ń pe Wàsíù ní ọ̀gá. Ó máa ń ta mí lẹ́nu díẹ̀ bí ata, ṣùgbọ́n mò ń pè é.

Mo pe ilé láti yàrá tuntun náà. Mo sọ fún ìyá mi pé mò ń bọ̀ wá mú Ráli. Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ohùn wọn sì kéré. Ráli gba fóònù.

“Àǹtí, ṣé Màámi náà ń bọ̀?”

N kò mọ ìgbà tí mo dáhùn. Gbogbo ètò tí mo ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wà lẹ́nu mi, ó kù kí n sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, “Wọ́n ń bọ̀.” Ọmọ náà hó ìhó ayọ̀, ó sì ju fóònù sílẹ̀ kó lè lọ sọ fún wọn. Kò dágbére fún mi.

Kí n tó lọ mú wọn, àwọn méjèèjì ti fúnra wọn dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ráli ti ga. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Wàsíù dípò kó kúnlẹ̀, nítorí ojú ń tì í, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́ sí i, ó sá sẹ́yìn ìró ìyá mi. Mo se ìrẹsì tí mo ti ń rò láti ọjọ́ pípẹ́ pé màá sè fún un. Ọwọ́ ìyá mi ló ti jẹ ẹ́. Mo jókòó níwájú wọn, mò ń ka iye ìgbà tó ń ṣí ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ìyá mi ti di àpò wọn, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Jẹ́ kí n yọ́ lọ báyìí kó tó jí. Ó máa sunkún, ṣùgbọ́n ó máa gbàgbé mi. Ìwọ lo bí i. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ pè ẹ́ ní Àǹtí.”

Ìyá mi ń gbé ohun tí mo ti ń tọrọ lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ń wo ilẹ̀ kí n má baà rí ojú wọn. Inú mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dìde, mo gba àpò náà lẹ́nu ọ̀nà. Mo tú u, mo mú aṣọ ìyá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.